Símẹ́ǹtì Lábẹ́ Pákó: Àtúnṣe Ọkọ̀ Ojú Omi Wa ní Lọ́kọ́ja

Ọkọ̀ pákó ni. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 24, ìbú rẹ̀ láàárín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5. Ọwọ́ apẹja kan létí odò Ọya níhìn-ín ni èmi àti àbúrò mi ti rà á, nítorí oko ìrẹsì wa tó wà ní òdìkejì odò. Owó tí à ń san fún ọlọ́kọ̀ nígbà ìkórè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè oko náà tán. A mọ̀ pé ọkọ̀ náà ń jò kí a tó sanwó. Ẹni tó tà á fún wa kò fi ìyẹn pamọ́, òun náà ló sì jẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa, tó sì ṣeé ṣe kí apẹja yẹn fúnra rẹ̀ má mọ̀, ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ iwájú ọkọ̀.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nítorí mo ti rí irú àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ yìí lára ọkọ̀ mìíràn létí odò, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ni irú rẹ̀ tètè wò ó kí èrò tó wọ̀ ọ́.

Lórí ilẹ̀

Oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ le, ni a fà á jáde. Odò Ọya máa ń kún láti oṣù Keje lọ, ó sì máa ń ga jù lọ ní oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá. Ẹni tó gbé Lọ́kọ́ja ní ọdún 2012 àti 2022 kò nílò ẹni tí yóò sọ ìyẹn fún un. Nítorí náà, láti ìgbà ọyẹ́ títí di ìgbà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe níhìn-ín ní láti ṣe é.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bá wa fà á gòkè. A gbé e lé orí ìtì igi mẹ́ta lábẹ́ igi máńgòrò, a sì fi igi gbè é lọ́tùn-ún lósì kó má baà yí. Abẹ́ ìbòji ló yẹ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Tí oòrùn àti ọyẹ́ bá jọ mú pákó tó ti ń mu omi láti ọdún pípẹ́, á gbẹ lójijì, á sì là. A rẹ àpò sínú omi, a fi bo àwọn ẹ̀gbẹ́ tí a kò ní fọwọ́ kàn, a sì ń tún un rẹ láràárọ̀.

Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà, ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń yọ́ lórí iná, kì í ṣe èyí tí a fi ń kun ilé. Ọ̀dà tuntun ni, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Lójú tèmi, ọ̀dà tuntun lára ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí èèyàn béèrè ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń tà á kàn fẹ́ kó wuni. Ó sì lè jẹ́ pé nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí a bá níbẹ̀

Ìgbà tí a ṣí pákó tí èèyàn ń tẹ̀ ní iwájú ọkọ̀ ni a rí símẹ́ǹtì. Wọ́n ti dà á láti imú ọkọ̀ títí dé igi ìhà kẹta (igi ìhà ni àwọn igi tó tẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, tí a kan pákó mọ́). Ó nípọn tó ínṣì 3, wọ́n sì fi ọ̀dà kun orí rẹ̀. Ní agbègbè wa yìí, tí ọkọ̀ símẹ́ǹtì láti Ọ̀bàjànà ń gba ojú títì kọjá lọ́sàn-án lóru, símẹ́ǹtì ni ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn èèyàn tí nǹkan bá ń jò.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ rí omi. "Bọ̀dá, ẹ wá wo ibí. Láti ìgbà tí a ti gbé e wá sórí ilẹ̀, gbogbo ibòmíràn ti gbẹ. Ibí yìí ṣì ń sun omi."

Òótọ́ ni. Láàárín símẹ́ǹtì àti pákó ẹ̀gbẹ́, àlàfo kan wà tí èékánná lè wọ̀, omi dúdú sì ń yọ níbẹ̀. A fi òòlù àti irin ṣóńṣó fọ́ símẹ́ǹtì náà díẹ̀díẹ̀ kí a má baà fọ́ igi tó yè mọ́ ọn. Nígbà tí odindi ègé kan ṣí kúrò, òórùn olú gba ojú wa. Igi tó wà nísàlẹ̀ ti dúdú. Ó ti sán lóròó, ó sán níbùú, ó pín sí igun mẹ́rin-mẹ́rin kéékèèké. Mo mú ọ̀kan, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó di ìyẹ̀fun. Fọ́nrán funfun tín-ín-rín tẹ́ lórí igi náà, àwọn mìíràn sì lẹ̀ mọ́ ìdí símẹ́ǹtì tí a gbé. Ìṣó ti jẹ tán lára igi ìhà kejì. Orí rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù, òun náà sì wà níbẹ̀ nítorí pé ọ̀dà dì í mú.

Mo sáré yí lọ síta láti wo ojú kejì pákó náà. Ó le. Ọ̀dà ń dán lára rẹ̀. Iṣu tí èèpo rẹ̀ dára tí inú rẹ̀ ti di omi ni mo rántí, irú èyí tí a máa ń gbé lé òṣùwọ̀n lọ́jà láìmọ̀.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, Kákáǹdá ni wọ́n, ẹ̀yà kan tó ń gbé létí odò Ọya, ọkọ̀ kíkàn ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe. A lọ pè wọ́n. Wọ́n dé, wọ́n kí wa ní "Òkun o" bí wọ́n ṣe máa ń kí gbogbo àwa ọmọ Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ti ọwọ́ bọ inú ihò náà dé ọrùn ọwọ́.

"Ọmọ Òkun, odò kọ́ ló pa ọkọ̀ yìí," ni wọ́n wí. "Òjò ni."

Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àwọn àgbà tipẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo fojú rí i. Olú ló ń jẹ igi títí tó fi ń jẹrà. Igi ni oúnjẹ rẹ̀. Ó fẹ́ ooru, èyí tí kò wọ́n wa ní Lọ́kọ́ja. Ó fẹ́ omi, ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́. Igi tó gbẹ dáadáa, tí omi inú rẹ̀ kò tó ìdá 20 nínú 100, olú kò lè rí i gbé ṣe. Igi tó rì pátápátá sínú omi náà kì í tètè jẹrà, nítorí afẹ́fẹ́ kò tó níbẹ̀. Igi tó rin tí afẹ́fẹ́ sì tún kàn án, òun ni olú ń wá. Bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wa ṣe rí gan-an nìyẹn: láti ìta, níbi tí odò ti ń gbà á mọ́ra nígbà gbogbo, ó yè. Láti inú, níbi tí omi òjò ti dúró láìrí ọ̀nà jáde, ó kú.

Símẹ́ǹtì ló dá omi yẹn dúró. Igi máa ń wú tó bá mu omi, ó sì máa ń súnkì tó bá gbẹ. Símẹ́ǹtì kì í bá a wú, kì í bá a súnkì. Ọdún kan péré tó fún wọn láti ya ara wọn. Bí àlàfo bá ti ṣí, òjò á máa wọlé láti òkè, oòrùn kò sì ní lè débẹ̀ láti gbẹ ẹ́. Ẹni tó da símẹ́ǹtì síbẹ̀ rí i pé jíjò náà dáwọ́ dúró, ó sì dájú pé inú rẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ náà ni igi abẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

Bàbá tún fi ohun kan hàn wá tí n kò ní gbàgbé. Nísàlẹ̀ igi ìhà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kọ́kọ́ kan ọkọ̀ náà ti gbẹ́ ihò kékeré kan kí omi lè máa ṣàn gba ibẹ̀ lọ sí ibi tó jìn jù, kí wọ́n lè gbọ́n ọn. Iṣẹ́ olóye ni. Símẹ́ǹtì ti dí gbogbo ihò tó wà ní iwájú.

Wíwá ibi tó kù

A kò gbàgbọ́ pé iwájú nìkan ni. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, àbúrò mi mú òòlù kékeré, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu gbogbo ara ọkọ̀ láti imú dé ìdí. Igi tó yè máa ń dáhùn kọ́-kọ́. Èyí tó ti jẹrà máa ń dún bù-bù. Níbi tí ohùn bá ti yí padà, a ó fi ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún un. Tí ọ̀bẹ bá wọlé láìjà, a ó fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Ẹ má ṣe gbára lé ojú nìkan. Ojú ló tan ẹni tó rà á ṣáájú wa.

Pákó méjì nísàlẹ̀ iwájú, igi ìhà mẹ́ta, àti ẹsẹ̀ igi imú ọkọ̀ ni wọ́n ti lọ. Ní ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì ń rọ̀ sí, wọ́n ti kan páànù mọ́ ọn, wọ́n kun ọ̀dà lé e. A tú páànù náà: ìtàn kan náà ni. Omi ti gba ojú ihò ìṣó wọlé sẹ́yìn páànù, kò sì rí ibi jáde. Tí a bá ti gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ìdí ọkọ̀ lè já láàárín odò, ibi tí odò Bẹ́núé ti ń pàdé Ọya tí omi ti ń fa, pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀.

Èyí tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù ni pákó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú. Ọ̀kan jẹ́ ìrókò, láti ìgbà tí wọ́n ti kan ọkọ̀ náà. Èkejì funfun, ó fúyẹ́, arère ni. Ẹnì kan ló fi rọ́pò pákó àtijọ́ nígbà kan. Omi kan náà ló dúró lórí àwọn méjèèjì lábẹ́ símẹ́ǹtì kan náà. Ti ìrókò, etí rẹ̀ ló bàjẹ́ pẹ̀lú ibi tí ìṣó gbà. Ti arère, mo fi ṣíbí oúnjẹ kó o jáde. Arère dára fún àjà ilé àti àpótí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi kan ọkọ̀ fún yín, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ fáíbà (aṣọ onígíláàsì tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ nǹkan títí tó fi le) dá a lábàá pé kí a fi fáíbà bo gbogbo iwájú náà, pé a ó parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ̀. Fáíbà lórí igi tó yè tó sì gbẹ dára. Lórí igi jíjẹrà, símẹ́ǹtì mìíràn ni.

Igi láti Kàbà

A lọ sí sọ́ọ̀mìlì ní Kàbà, nítorí pé igi láti igbó Bùnú máa ń dé ibẹ̀. Ìrókò ni a rà fún pákó, apá ni a rà fún igi ìhà àti ìdí ọkọ̀. Apá wúwo, ó sì ń kú ẹnu ayùn, ṣùgbọ́n olú àti ikán kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Orúkọ igi nìkan kò tó. Ara igi tó funfun nítòsí èèpo kì í pẹ́, ìbáà ṣe ti ìrókò tàbí ti apá. Ọkàn igi, ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti dúdú sí pupa, ni agbára rẹ̀ wà. Ọmọ sọ́ọ̀mìlì ń to pákó tó ní etí funfun fún wa, ó ní ìrókò kan náà ni. A dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, a fara balẹ̀ ṣa èyí tó dúdú láti etí kan dé èkejì. Ó pẹ́ wa, inú wọn kò sì dùn sí wa, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni a ti pinnu bí ọkọ̀ náà yóò ṣe pẹ́ tó.

Fún igi ìhà, Bàbá ti sọ fún wa pé kí a wá ẹ̀ka apá tó tẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí èèyàn bá fi ayùn gé ìtẹ̀ láti inú pákó tó gún, iṣan igi á gé ní àárín, ibẹ̀ ni yóò sì ti dá. Ẹ̀ka tó tẹ̀, iṣan rẹ̀ ń bá ìtẹ̀ náà lọ. A rí mẹ́ta tó bá a mu láàárín àwọn ẹ̀ka tí wọ́n fẹ́ fi dáná.

Gígé àti kíkàn

A kò yọ igi ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá yọ wọ́n tán, ọkọ̀ á ṣí, á sì gbàgbé bó ṣe rí. A kọ́kọ́ kan igi dábùú láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì lókè kó lè dì í mú, a wá ń yọ ọ̀kan, a ń fi ọ̀kan rọ́pò. Igi àtijọ́ tó jẹrà ṣì wúlò: a tẹ́ ẹ lé páálí, a fi bírò tọ ipa rẹ̀, níbi tó bá sì ti run, a wo ẹ̀gbẹ́ kejì láti fi parí rẹ̀. Gbogbo igi ìhà tuntun ni a gbẹ́ ihò omi sí nísàlẹ̀, ó fẹ̀ tó kí ìka méjì wọ̀ ọ́, kí ìdọ̀tí má baà tètè dí i.

Ní ti pákó, a gé gbogbo ibi tó dúdú kúrò, a tún gé tó ìgbọ̀nwọ́ kan kọjá ibi tí ọ̀bẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Fọ́nrán olú máa ń ṣáájú ibi tí ojú rí. Ó dun àbúrò mi láti máa gé igi tó dà bíi pé ó dára. Ó tún béèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá ó pọn dandan. Bàbá mú ègé tí a gé náà, wọ́n là á sí méjì, wọ́n sì fi ìlà dúdú kan tó tín-ín-rín hàn án láàárín rẹ̀. Kò béèrè mọ́.

A kò jẹ́ kí pákó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn parí sí ibì kan náà. Ẹnu pákó àtijọ́ àti ti tuntun, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni a gé wọn kí wọ́n lè gùn lé ara wọn. Ìwọ̀n tí a lò ni 8 sí 1: pákó wa nípọn tó ínṣì 1, nítorí náà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gùn tó ínṣì 8. A tún fi pákó mìíràn ti ojú ìdàpọ̀ náà lẹ́yìn láti inú.

Nígbà tí a ń gé pákó ìrókò kejì, ayùn han lójijì, eyín rẹ̀ mẹ́ta sì kán. Òkúta ni, funfun, ó tó èkùrọ́, ó fara pamọ́ sínú igi. Ìrókò máa ń ní irú rẹ̀ nígbà mìíràn. Igi náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é síbi tó bá ti fara gbọgbẹ́. Ìyẹ̀fun ìrókò náà máa ń ta imú àti ojú, kí ẹ fi aṣọ bo imú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. A dá ihò sí igi kí ìṣó tó wọlé, nítorí ìrókò gbígbẹ máa ń là lẹ́nu. Ìṣó tí wọ́n fi síńkì bò ni a lò, a sì tẹ imú rẹ̀ padà sínú igi láti ẹ̀yìn kó má baà lè yọ.

Òwú àti ọ̀dà

A lọ́ òwú bí okùn, a fi irin pẹlẹbẹ tí ẹnu rẹ̀ kú tì í sáàárín ojú pákó kí omi má baà gba ibẹ̀ wọlé. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ló ṣe pàtàkì. Tó bá ki òwú jù, nígbà tí pákó bá wú sínú omi, á ti ara rẹ̀ kúrò lára igi ìhà. Bàbá ló ṣe apá yìí jù, a sì jókòó ti wọn láti gbọ́ bí òòlù ṣe ń dún: ó ń rọ̀, lẹ́yìn náà ó ń le, wọ́n á sì dá ọwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni a ti yàtọ̀ síra. Bàbá fẹ́ kí a kun inú àti ìta. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a kun ìta nìkan, kí a sì fi oògùn igi pa inú lára, kí igi lè máa mí láti inú, kí a sì lè máa rí i. Wọ́n ní ọkọ̀ tàwọn ti lo ọdún púpọ̀ pẹ̀lú ọ̀dà nínú lóde. Òótọ́ ni, mo ti rí i. Àmọ́ inú omi ni ọkọ̀ tiwọn máa ń sùn tọ̀sán-tòru, wọ́n sì ń gbọ́n ọn ní gbogbo òwúrọ̀. Tiwa yóò máa wà lórí ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀ lọ́dún. Níkẹyìn wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ín," wọ́n sì bá wa yọ́ ọ̀dà náà fún ìta. Orí iná jẹ́jẹ́ ni a ti yọ́ ọ, a kó iyanrìn sítòsí, a kò sì jẹ́ kí ọmọdé súnmọ́ ibẹ̀.

Nínú omi

Kí a tó gbé e lọ sódò, a bu omi sínú rẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò kí pákó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Omi jò gba gbogbo ojú pákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú àbúrò mi sì rẹ̀wẹ̀sì. Díẹ̀díẹ̀ ló dínkù. Nígbà tí odò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè a tì í wọlé, a so ó mọ́lẹ̀, a gbọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí tí igbá kò fi rí nǹkan gbọ́n mọ́ ní iwájú. Lẹ́yìn náà a kó àpò iyanrìn sínú rẹ̀ tó ìwọ̀n ẹrù ìrẹsì wa, a wà á lẹ́bàá etí odò, a sì ṣí pákó ìtẹ̀ láti wo igi ìhà tuntun. Gbogbo wọn gbẹ lókè, omi díẹ̀ ń gba ihò wọn lọ sẹ́yìn bó ṣe yẹ.

A kò kan pákó ìtẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. A kàn tò ó ni, kí a lè máa gbé e sókè wò. Tí ọkọ̀ bá wà nílé, a máa ń ta tapólì sókè rẹ̀ lórí igi, a kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọn, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀. A ti ra ẹ̀wù ìléfòó fún gbogbo ẹni tó bá máa wọ̀ ọ́. NIWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi inú ilẹ̀ Nàìjíríà, tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà níbí ní Lọ́kọ́ja, kì í yé sọ ọ́, a sì gbà pẹ̀lú wọn.

Ojú pákó kan ní ìdí ọkọ̀ lápá òsì ṣì ń sun omi díẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré. Mo rò pé òwú ibẹ̀ kò tó. Tí odò bá fà, a ó tú ọ̀dà ibẹ̀, a ó sì ké sí Bàbá kí wọ́n tún un dí.